Jíà Eléyín Mẹ́rìndínláàádọ́ta

Bí o bá gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ Yẹ̀kínnì ní Musin, kò ní wo ojú rẹ. Kẹ̀kẹ́ ló máa wò. Á dorí rẹ̀ kodò, á fọwọ́ yí pẹ́dàlì, á sì dẹtí sí ṣéènì bí ẹni tí wọ́n ń rojọ́ fún. Lẹ́yìn náà ló máa wá bi ọ́ pé, "Afárá wo lò ń gùn?" Kì í bèèrè bí ara ṣe rí. Ó ní èèyàn ló ń purọ́, kẹ̀kẹ́ ológeere kì í purọ́, pé ohunkóhun tó bá ń ṣe ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló máa hàn lára eyín jíà, irin róbótó tí ṣéènì ń gùn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́, torí ilé rẹ̀ ni mo dàgbà sí.

Husnah lorúkọ mi, àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni mí. Làbákẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá kan náà ni wá, ọdún mọ́kànlá ló fi jù mí lọ. Nígbà tí ìyá wa kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Làbákẹ́ sì ti pé ogún ọdún. Lọ́dún kejì ó lọ sílé Yẹ̀kínnì, ó sì mú mi dání mọ́ ẹrù rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò fìgbà kan bi í pé ìgbà wo ni mo máa lọ. Férémù tòkunbọ̀ kékeré kan ló wá, ó to kẹ̀kẹ́ fún mi, ó sì dì mí lórí rẹ̀ mú títí mo fi mọ̀ ọ́n gùn. Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ẹni tí mo ṣẹ̀ kì í ṣe àjèjì.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbi tí Musin ti fẹ́ kan Fádéyì, ó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ti ẹni tó ń wé kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀. Ògiri ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ìwé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ orúkọ oníbàárà síbẹ̀, á kọ iye eyín tó wà lára jíà iwájú, á kọ iye tó wà lára èyí tó tóbi jù lẹ́yìn, á wá kọ afárá tí onítọ̀hún ń gùn. Bí oníbàárà tuntun bá ń kánjú, Yẹ̀kínnì á ní kó jókòó, pé a kì í dá ṣòkòtò fún ẹni tí a ò wọ̀n. Á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan, á máa kà á jẹ́jẹ́ títí á fi padà dé ibi àmì náà. Kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń kà á, ì báà jẹ́ ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Kọ́tìnì ni Làbákẹ́ ń rán, ní ilé iṣẹ́ kan ní Iganmu. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn bọ̀, pẹ̀lú híjáàbù lórí àti ṣòkòtò lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ojúẹlẹ́gba ló ń gbà, á gun afárá ibẹ̀, á wá já sí ọ̀nà Iganmu. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀sì máa ń pariwo lé e lórí, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa wò ó bí ẹni tó sọnù. Bí mo bá bínú nítorí rẹ̀, òun á ní, "Fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n wò. Ṣé wíwò ń lu túùbù jò ni?" Bẹ́ẹ̀ ló rí. Èmi ni onínúfùfù nínú àwa méjèèjì.

Jíà kan ṣoṣo ló wà níwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta ló bá a wá láti òkè òkun, Yẹ̀kínnì ló tú méjì dànù. Ó ní erùpẹ̀ Èkó ò fẹ́ kí ṣéènì máa fò láti orí ọ̀kan sí èkejì níwájú, pé kí ọ̀kan wà níwájú, kí ọ̀pọ̀ wà lẹ́yìn, kí ẹni tó ń gùn ún sì ní ohun kan ṣoṣo láti fi ọwọ́ yí. Eyín méjìlélógójì ló wà lára ti iwájú, èyí tó tóbi jù lẹ́yìn jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọdún mẹ́fà ni Làbákẹ́ fi gùn ún bẹ́ẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé rẹ̀ bí Yẹ̀kínnì ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀, torí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé e. Bí eyín iwájú bá jẹ́ ọgbọ̀n tí tẹ̀yìn náà jẹ́ ọgbọ̀n, ẹsẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀kan, wíìlì á yí lẹ́ẹ̀kan. Bí tẹ̀yìn bá kéré sí tiwájú, wíìlì á sáré ju ẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á ṣe wàhálà. Bí tẹ̀yìn bá pọ̀ ju tiwájú, pẹ́dàlì á fúyẹ́, ọmọdé á lè tẹ̀ ẹ́ gun òkè, ṣùgbọ́n kò ní yára. "Ohun tó o bá bù fún ẹsẹ̀, ara eré lo ti bù ú," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Lójú rẹ̀, kò sí òkè tí kò ní jíà tirẹ̀.

Lákòókò òjò ọdún kan, Làbákẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sórí àga láìbọ́ bàtà. Ó ní, "Bàbá Aneesah, ó jọ pé wọ́n ti gbé afárá yẹn sókè sí i o." Aneesah ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó wà nílé ìwé ní Ìlọrin.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ ti ń darúgbó ni, ẹ má gbé e sí afárá lọ́rùn."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínnì nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó jáde lọ dorí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kodò.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti tú eléyín méjìlélógójì kúrò níwájú, ó ti fi eléyín mẹ́rìndínlógójì sí i, ó sì ti gé ṣéènì rẹ̀ kúrú díẹ̀ kó má baà máa fì. Làbákẹ́ gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀, ó ní ó ti dáa. Ó ní bó bá dé ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ẹsẹ̀ òun máa ń yí wìrìwìrì bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n òun fara mọ́ ọn. Yẹ̀kínnì fa ìlà kan lé méjìlélógójì lórí lára ògiri, ó kọ mẹ́rìndínlógójì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó wo àìsàn sàn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, afárá tún ga. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ni Yẹ̀kínnì dojú kọ. Ó fẹ́ gbé e láti méjìdínlọ́gbọ̀n dé méjìlélógójì, ṣùgbọ́n apá kékeré tó ń gbé ṣéènì láti orí jíà kan sí òmíràn ò gùn tó láti dé orí èyí tó tóbi tó yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi wá èyí tó gùn. Ó rìn kiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, ó ń mú ẹyọ jíà kan dání nínú láílọ́ọ̀nù. Nígbà tó rí i, ó pè mí lórí fóònù níbi iṣẹ́ kó lè sọ fún mi. Ọkùnrin tí kì í pe èèyàn.

Iṣẹ́ mi wà ní Yábàá, ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ń dá àwọn oníbàárà tínú ń bí lóhùn. Àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n fi ń bú mi, mi ò sì gbọ́dọ̀ bú wọn padà. Ìbínú tí mi ò lè bí níbẹ̀, ilé ni mo máa ń gbé e bọ̀, Làbákẹ́ ló sì máa ń gbà á lọ́wọ́ mi. Á ní kí n jókòó, á fún mi lóúnjẹ, á ní, "Ó yá, bú èmi." Ibẹ̀ ni ìbínú náà á ti tán. Mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ wíìlì dé, mo ní èmi ni mo máa rà á. Ó ti tó ọdún kan tí afárá ti ń ga nígbà náà. Yẹ̀kínnì ní a ti dín jíà kù tó, pé ìwọ̀n wíìlì ló kù, torí irin ni ríìmù rẹ̀, irin sì wúwo. Ó fún mi ní ríìmù náà dání, ó ní kí n yí i, ó ní ṣé mo rí bó ṣe ń bá ọwọ́ mi jà, pé ìwọ̀n tó bá wà létí wíìlì ni ẹsẹ̀ máa ń tì ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbéra. Èmi náà lọ kà á lórí fóònù, mo dé, mo bá a jiyàn. Mo ní ká ra wíìlì ńláńlá bíi ti àwọn tó ń sáré ìdíje. Ó ní wíìlì tó bá tóbi á tún sọ jíà di líle, gbogbo ohun tí a ti bù fún ẹsẹ̀ la máa gbà padà. Mo ní ká ra táyà tín-ín-rín. Ó ní kòtò kan ṣoṣo ní Ìdí-Orò á fi táyà tín-ín-rín jẹun. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi fa ọ̀rọ̀ yìí, Làbákẹ́ á jókòó sáàárín wa, á máa wò wá bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù, á máa mí sókè sódò. A ò gbọ́ mímí náà. Ọ̀rọ̀ wíìlì la gbọ́.

Ríìmù alumíníọ̀mù la rà níkẹyìn, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú táyà tí ò fẹ̀ jù tí ò sì tín-ín-rín jù. Yẹ̀kínnì fúnra rẹ̀ ló hun wáyà rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, méjìlélọ́gbọ̀n níwájú, méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn, ó ń fi èékánná ta wọ́n kó lè gbọ́ bóyá ohùn wọn dọ́gba. Nígbà tí Làbákẹ́ kọ́kọ́ gùn ún, ó lọ dé ìkòríta, ó yí padà, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Husnah ra ẹsẹ̀ fún mi." Ó sọ ọ́ fún gbogbo ará ilé.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ẹsẹ̀ tí mo rà fi ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí, torí mo ti fi í pamọ́ pẹ́. Mo rí i pé ìrọ̀rí méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń sùn, ó wá di mẹ́ta, pé bó bá sùn gbalaja, á dìde jókòó. Mo rí i pé bàtà rẹ̀ ti fún un, tó bá bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ojú ibi tó ti dì í á wọlé, kò sì ní tètè kún padà. Ó ní ìjókòó ẹ̀rọ ìránṣọ ló fà á. Yẹ̀kínnì náà rí ẹsẹ̀ náà. Pẹ́dàlì tó fẹ̀ ló lọ wá, kí ẹsẹ̀ lè ráyè. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ṣùgbọ́n èmi ti rí alángbá yìí rí. Bí ẹsẹ̀ ìyá wa ṣe wú nìyẹn, bí ìyá wa ṣe ń jókòó sùn nìyẹn, kó tó kú lọ́mọ ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀ yẹn. Ilé ìyá àgbà ni Làbákẹ́ wà nígbà yẹn, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ọ̀sẹ̀ tí ìyá wa kú ló dé. Yẹ̀kínnì ò mọ ìyá wa rárá. Nínú àwa mẹ́ta, èmi nìkan ni mo mọ ẹsẹ̀ náà. Mo wò ó, mo sì ní kí Yẹ̀kínnì tún wo jíà.

Ó tún wò ó. Eléyín mẹ́rìndínláàádọ́ta ló gbé sẹ́yìn, ọgbọ̀n ló fi síwájú. Ó ní kò sí èyí tó tún kéré sí i níwájú tó lè wọ férémù yẹn, kò sì sí èyí tó tún tóbi sí i lẹ́yìn tí apá náà lè dé. "Ó ti dé ìdí ọgbà," ó wí bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí títì dá, a mú kẹ̀kẹ́ náà lọ sí afárá Ojúẹlẹ́gba kí Làbákẹ́ lè dán an wò. Yẹ̀kínnì ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn.

Kò sí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí. Ṣéènì gun orí jíà ńlá náà wọ́ọ́rọ́wọ́, kò dún. Pẹ́dàlì ń yí láìsí wàhálà, wíìlì ń lọ ní títọ́, ara kẹ̀kẹ́ ò gbọ̀n. Bí o bá gbé ọmọ ọdún méje sórí rẹ̀, á gun afárá náà, á sì máa kọrin. Ẹ̀gbọ́n mi gùn ún dé ìdajì, ó dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ètè rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. Yẹ̀kínnì tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ láti wo jíà. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ṣéènì. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè, nígbà tó sì gbé e sókè, kò wo kẹ̀kẹ́ mọ́. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Làbákẹ́, kì í ṣe kẹ̀kẹ́."

Ọsibítù Ìdí-Àràbà la gbé e lọ láti ibẹ̀. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ ọmọbìnrin kan tó kéré sí mi, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, agbára àtifún ẹ̀jẹ̀ jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Ó bèèrè pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

Yẹ̀kínnì ní, "Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀."

"Kí lẹ wá ṣe sí i láti ìgbà náà, sà?"

"A dín iwájú kù sí mẹ́rìndínlógójì," Yẹ̀kínnì wí. "Lẹ́yìn náà a gbé ẹ̀yìn dé méjìlélógójì. A pààrọ̀ wíìlì."

Dókítà wojú mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀. Ó wá bèèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ní irú rẹ̀ rí, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ìyá wa." Mo sọ fún un nípa ẹsẹ̀ wíwú, mo sọ fún un nípa ìjókòó sùn. Yẹ̀kínnì yíjú sí mi. Ó wò mí, ó sì yíjú padà.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni Làbákẹ́ lò níbẹ̀. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, a pẹ́ kí a tó dé ni. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún. Ó ní, "Bàbá Aneesah, kẹ̀kẹ́ yẹn dáa. Ẹ má tú u." Ńṣe ni Yẹ̀kínnì ń mi orí bí ọmọdé. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kẹjọ ló kù. Àwọn àlùfáà ti ṣe àdúrà tán, àwọn àgbà àdúgbò jókòó, Aneesah gbé orí lé ẹsẹ̀ mi. Ẹnì kan ní kí Ọlọ́run tu Yẹ̀kínnì nínú, pé ó tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Mo dìde. Mo ní, "Ìtọ́jú wo? Kẹ̀kẹ́ lẹ fi pa ẹ̀gbọ́n mi. Eyín lẹ̀ ń kà nígbà tó ń kú lọ lójú yín." Ẹyin lohùn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fi gbogbo agbára sọ tèmi mọ́lẹ̀. Mo ń retí kó dá mi lóhùn. Ó ní ìdáhùn lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ni, pé èmi ni mo mọ ẹsẹ̀ náà, níbi tí gbogbo ayé wà. Ó wolẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ni Husnah sọ." Wọ́n fà mí jáde.

Mo kó lọ sí Yábàá lọ́sẹ̀ náà. Oṣù mẹ́jọ ni mi ò fi yọjú sí i. Bó bá pè mí, mi ò ní gbé e. Mi ò ní ẹni tí màá gbé ìbínú iṣẹ́ lọ bá mọ́, ó bá ń jókòó sí mi láyà. Nígbà tí Aneesah wá sọ fún mi lórí fóònù pé bàbá òun fi kẹ̀kẹ́ náà kọ́ sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, pé ó ń fi òróró pa ṣéènì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, inú bí mi. Mo ní èmi ni mo ra wíìlì yẹn, mo máa lọ gbà á. Irọ́ ni. Kí ni mo fẹ́ fi wíìlì ṣe? Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ gbà.

Mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Oníbàárà kan wà níwájú rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Yábàá tó ń jẹ́ Olúwajùwọ́n, ó gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì dáa ju gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Ó ń sọ pé òun fẹ́ jíà tó tóbi jù lẹ́yìn, pé afárá ti ń dá òun lágara. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà kí Yẹ̀kínnì má rí mi. Mo ń retí kó dorí kẹ̀kẹ́ náà kodò.

Kò fọwọ́ kàn án. Ojú ọmọ náà ló ń wò. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ló ń rẹ̀ ọ́ ni, àbí èémí ló ń tán?"

"Ẹ̀gbọ́n, méjèèjì ni."

"Ìrọ̀rí mélòó lo fi ń sùn?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, abeg, jíà ni mo wá rà, mi ò wá rí dókítà."

"Bọ́ bàtà rẹ," Yẹ̀kínnì wí.

Ó tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò ó, ó ní kò sí nǹkan, pé kó ṣì lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kó tó padà wá gba jíà. Ọmọ náà gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí. Mo wo ògiri. Orúkọ ṣì wà níbẹ̀, eyín ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá oníkálùkù, ó ti kọ èémí, ó ti kọ ẹsẹ̀, ó ti kọ ìrọ̀rí. Ti Làbákẹ́ wà láàárín wọn, kò pa á rẹ́: méjìlélógójì tí ìlà ti dá lórí, mẹ́rìndínlógójì tí ìlà ti dá lórí, títí dé ọgbọ̀n àti mẹ́rìndínláàádọ́ta tí kò sí ìlà kankan lórí wọn.

Ó wá rí mi. Kò kí mi, mi ò kí i. Mo ní, "Wíìlì mi ni mo wá gbà."

Ó gbé àpótí kan, ó gun orí rẹ̀, ó sọ kẹ̀kẹ́ náà kalẹ̀. Ó tú wíìlì iwájú, ó tú ti ẹ̀yìn, ó yọ jíà ńlá náà kúrò lára rẹ̀, ó sì fi aṣọ nù ún kó tó gbé e sórí tábìlì. Ó gbé wíìlì méjèèjì wá, ó fi wọ́n ti ẹsẹ̀ mi. Kò bá mi fa ọ̀rọ̀ kankan. Ó tún ń ṣe é fún mi bíi ti ọjọ́ kẹjọ yẹn, ó ń gba ohunkóhun tí mo bá sọ.

Ó wá ní, "Jókòó."

"Mi ò jókòó, Ẹ̀gbọ́n."

"Husnah. Jókòó, kó o bọ́ bàtà rẹ."

Mi ò mọ ohun tó mú mi jókòó. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ó nu òróró ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ òkè ọrùn ẹsẹ̀ mi, níbi tí eegun wà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ka eyín. Mo dákẹ́ títí ó fi kà á dé mẹ́wàá. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tẹjú mọ́ ibẹ̀, ó dúró kó rí bóyá ó máa wọlé.

"Kò wọlé," ó wí. "Ìyá yín. Lẹ́yìn náà Làbákẹ́. Ìwọ ló kù. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń pè ọ́ nítorí èyí."

Mo ti ń sunkún nígbà náà, ṣùgbọ́n à ń sunkún, à ń ríran, mo rí i pé irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo mọ̀. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn, mi ò sọ fún yín."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, lójú gbogbo wọn?"

Ó ní, "Ẹrù ẹnì kan ni. Kí ni ká fi èèyàn méjì rù ú fún?"

Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, òróró wà lára rẹ̀, mo dì í mú bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí n dì í mú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fà á kúrò. Ó ní kí n na ẹsẹ̀ kejì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí ọ̀kan.